Ìgò Bíà Nínú Ilé Àlájà

Ìyá ọkọ mi kò pariwo lọ́jọ́ tí mo gbé ìgò bíà wọlé. Ká ní wọ́n pariwo ni, n bá ti mọ èsì tí n ó fún wọn. Wọ́n kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n fi ọwọ́ di ìborùn wọn mú lábẹ́ àgbọ̀n, wọ́n ń wo orí tábìlì bí ẹni tó bá ejò lórí ẹní. Mo ti ha bébà ara ìgò náà kúrò, mo ti fi ọṣẹ àti yanrìn fọ inú rẹ̀, mo sì ti fi omi gbígbóná ṣàn án. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ìgò bíà tí kò ní mọ̀ pé ìgò bíà ni?

“Fàdìlà,” ni wọ́n wí, ohùn wọn kò sì ròkè rárá, “kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́ nínú ilé yìí?”

“Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Ìyá. Oògùn Ahmad ni mo fẹ́ pò.”

“Oògùn ọmọ jòjòló. Nínú ìgò ọtí.”

“Mo ti fọ̀ ọ́, Ìyá.”

“O ti fọ̀ ọ́.” Wọ́n gbójú sókè wo àjà bí ẹni ń wá ẹlẹ́rìí. “Sùbùhánálláhì! Ó ti fọ̀ ọ́!”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ìgbà Sáàpù ni, nígbà tí ìjọba ológun ń sọ fún wa lórí rédíò pé ká fún ìgbànú mọ́ra, àwa sì ti fún un títí ó fi ku ká fi so ẹ̀yìn mọ́ ikùn. Ọkọ̀ akẹ́rù ọkọ mi, Rájí, ti jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé wa ní Ẹdẹ nítorí táyà tí kò ṣeé rà mọ́. Èmi ń ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Ara, owó oṣù wa sì dà bí àlejò tí kì í sọ ìgbà tó ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi, Àlájà Àwáwù, ti lọ sí Mẹ́kà nígbà tí náírà ṣì lágbára, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé ohun àìmọ́ kan kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹní ìrun wọn. Wọ́n fẹ́ràn mi, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ti Ahmad ọmọ mi tún wá kọjá ìfẹ́. Ọmọ tí kò tíì rìn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kiri tòun ti eyín méjì, “ọkọ mi” ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹyin adìẹ tó wọ ilé wa tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ahmad yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu gbuuru. Ìyá ní eyín ló ń hù. Èmi náà gbà pé eyín ni, àfi ìgbà tí mo rí i pé àwùjẹ̀ orí rẹ̀ ti jìn wọnú, ojú rẹ̀ ti wọ ihò, ó ń sunkún láìsí omijé. N kò bi ẹnikẹ́ni mọ́, mo pọ̀n ọ́n, ó di ilé ìwòsàn ìjọba.

Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn ń jẹ́ Deborah, obìnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ àfi bó bá ń gbàdúrà. Àwa ìyá ọlọ́mọ ló kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó na ọ̀rá oògùn kékeré kan sókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ó na ìgò bíà òfìfo sókè lọ́wọ́ òsì.

“Ọ̀rá kan yìí, ìgò bíà kan ni omi rẹ̀,” ni ó wí. “Ẹni tí kò bá ní ìgò bíà, ìgò mínírà méjì. Méjì, mo wí! Omi tí ẹ ti sè, tó sì ti tutù. Ẹ má tún gbé e kaná lẹ́yìn tí ẹ bá pò ó tán. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, ẹ da ìyókù nù, kí ẹ po tuntun.”

Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn, nítorí pé àwa onímàle ló pọ̀ níbẹ̀.

“Ẹ̀yin Àlájà, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀,” ni Deborah wí. “Ìgò kì í mutí, ẹni tó gbé e dání ló ń mutí. Mo kàn mọ̀ pé ìgò yìí kò ní yí padà láti ilé kan sí òmíràn, pé iye omi kan náà ni yóò gbà. Kí ẹ tó fún ọmọ, ẹ tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bó bá ju omijé lọ, ẹ dà á nù. Ṣíbí ni kí ẹ fi máa fún un, díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, ẹ má sì febi pa á.”

Ìgò mínírà kan ṣoṣo ló wà nílé wa. Mínírà ti di ohun ọdún nígbà náà, àwọn tó ń tà á kì í sì í jẹ́ kí ìgò wọn rìn jìnnà. N bá fi ọ̀kan náà wọn omi lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi: bí ọmọ bá ń ké, n kò ní rántí bóyá mo ti wọn ìkejì. Ni mo bá lọ sọ́dọ̀ Comfort, aládùúgbò wa tó ń gbé iwájú ilé, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń ta ẹ̀pà sínú ìgò. Òun àti Bámidélé, ọkọ rẹ̀, kì í mutí, ṣùgbọ́n ìgò bíà tó wà lábẹ́ ibùsùn wọn, ilé ọtí kan kò ní i.

“Gbà, ọ̀rẹ́ mi,” ni Comfort wí. “Ìwọ ò fẹ́ ẹ, èmi náà ò fẹ́ ẹ, ẹ̀pà ló fẹ́ ẹ.”

Bí ìgò ṣe wọlé àwa nìyẹn. Nígbà tí Rájí dé, Ìyá rojọ́ mi fún un láti orí dé ìsàlẹ̀. Ọkọ mi kì í fẹ́ ìjà, ó yọ fìlà, ó họ orí.

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yè ná,” ni ó wí. “Bó bá dàgbà, a ó bi í léèrè bóyá ó mutí.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ká ìborùn wọn, wọ́n sì wọ yàrá wọn lọ. Èmi rò pé ẹjọ́ ti parí. N kò mọ̀ pé bí Ìyá bá dákẹ́, ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Mo po omi náà níṣojú wọn. Mo da omi sísè tó ti tutù sínú ìgò dé ọrùn, mo já ọ̀rá, mo dà á sí i, mo mì í. Mo tọ́ ọ wò. Omijé ni. Ṣíbí ni mo fi ń fún Ahmad, ó sì ń gbé e mì. Kí oòrùn tó wọ̀, ó tọ̀ sí mi lára. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti bímọ rí, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi sunkún nítorí ìtọ̀. Kódà Ìyá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní “Alihamudulilái,” ṣùgbọ́n wọn kò wo ibi tí ìgò wà.

N bá jókòó ti ọmọ mi ní ọjọ́ kejì. Ìjọba ni kò gbà. Wọ́n ń bọ̀ láti Ìbàdàn tó jẹ́ olú ìlú wa nígbà náà, wọ́n fẹ́ ka àwọn olùkọ́ lórí. Olùkọ́ tí kò bá fojú ara rẹ̀ hàn, ayédèrú òṣìṣẹ́ ni yóò jẹ́, wọn ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Àìsàn kò sí nínú àwáwí tí wọ́n ń gbà, ikú pàápàá, àfi bó bá jẹ́ tìrẹ gan-an. Bí orúkọ mi bá yọ, kí ni a ó jẹ?

Mo po ìgò kan tuntun láàárọ̀ kùtù, mo bò ó, mo gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú ife, ṣíbí àti àwọn ọ̀rá tó kù.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èyí á tó títí n ó fi dé,” ni mo wí lórí ìkúnlẹ̀. “Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ẹ̀kọ pẹ̀lú. Ẹ má ṣòpò po òmíràn.”

“Mo gbọ́,” ni wọ́n wí, wọ́n ti gbé Ahmad sáyà. “Ṣé èmi ni mo tọ́ ọkọ rẹ ni, àbí aládùúgbò?”

Mo lọ. Ní Ara, abẹ́ igi ni wọ́n kó wa sí, a ń retí ọkọ̀ Ìbàdàn. Oòrùn ràn, òjìji igi sún kúrò lórí wa, àwa náà ń sún tẹ̀ lé e. Wàrà ti yọ sára bùbá mi, mo fi gèlè bò ó. Nígbà tí àwọn ọ̀gá náà dé, wọ́n wo ojú wa, wọ́n wo ìwé, wọ́n pè wá bí ẹni ń ka ewúrẹ́. Ní kété tí wọ́n ní kí n máa lọ, n kò dúró gbọ́ ìkíni ẹnikẹ́ni, mo bẹ́ sínú mọ́tò Ẹdẹ àkọ́kọ́ tí mo rí.

Orin ni mo gbọ́ nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá ń kọrin fún Ahmad, orin tí wọ́n fi ń yọ̀ mọ́ ọmọ tó bá jẹun yó. Ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo ní, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ti yá.

“Káàbọ̀, ìyàwó mi!” ni Ìyá wí, ayọ̀ kún ojú wọn. “Wá wo ọkọ mi! Wá wo bó ṣe ń mu ún! Kì í fẹ́ kí ife kúrò lẹ́nu òun. Ìgò kẹta rèé tí a mu!”

Lóòótọ́ ni ó ń mu ún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife náà mú, ó ń fà á mọ́ra, bí Ìyá bá sì fẹ́ gbé e kúrò, á ké. Igbe náà ni kò yé mi. Tín-ín-rín ni, ó ga, kì í ṣe igbe Ahmad. Mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ gbóná janjan. Mo wo ahọ́n rẹ̀, ó gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Ọmọ tó ti ń mu omi láti àárọ̀, ahọ́n rẹ̀ gbẹ.

Mo mú ṣíbí, mo bu omi inú ife náà sẹ́nu ara mi.

Iyọ̀! Kì í ṣe omijé, ẹ̀yin èèyàn mi. Iyọ̀ tó gún mi lọ́fun títí mo fi wúkọ́. Mo bojú wo tábìlì. Ìgò bíà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìgò mínírà wa ló dúró níbẹ̀, kékeré, ọ̀rá òfìfo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ìyá, ìgò tí mo fi sílẹ̀ dà?”

“Mo fọ́ ọ,” ni wọ́n wí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mo da omi inú rẹ̀ nù, mo sì fọ́ ọ sẹ́yìn ilé. N kò fẹ́ bá ọ jà, ni mo fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ẹnu ọtí jáde kò ní ti ọwọ́ mi wọ ẹnu ọmọ ọmọ mi. Má wulẹ̀ dààmú, mo ti rí bí o ṣe ń ṣe é. Ọ̀rá kan, ìgò kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe.”

Ọ̀rá kan, ìgò kan. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó kọ́ iṣẹ́ tó sì mọ̀ ọ́n. Ìgò mínírà kan kò ju ìdajì omi tó yẹ lọ, odindi ọ̀rá ni wọ́n sì ń da sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀. Wọn kò tọ́ ọ wò, nítorí pé wọ́n ń gba ààwẹ̀ Ọjọ́bọ̀ wọn. Ẹni a ní kó kín wa lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́, kò sì mọ̀ pé ẹ̀gún ni. Ìbínú gbé mi, ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi, ṣùgbọ́n kò tíì jáde tí Ahmad fi le gbagidi lọ́wọ́ mi. Ojú rẹ̀ yí sókè, funfun rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Apá rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ó ń fò, ó ń fò.

“Gìrì!” ni Ìyá kígbe. “Gìrì ti mú un! Ẹ gbà mí o, ẹ bá mi gbé àgbo wá!”

Ilé dàrú. Ìyá ń sáré lọ síbi ìkòkò àgbo, obìnrin kan láti ilé kejì ti ń fẹ́ná, ó ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọmọ súnmọ́ iná kó lè padà. Wọ́n fẹ́ fi ṣíbí la eyín méjì ọmọ mi. Mo gbá ṣíbí náà dànù.

“Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan sí i lẹ́nu!” Ohùn tí mo gbọ́ yẹn, n kò mọ̀ pé tèmi ni. “Ẹnikẹ́ni!”

Comfort ló gbọ́ ariwo mi. Kò béèrè nǹkan kan, ó kàn kígbe pe Bámidélé, ìyẹn sì ti ilé fa alùpùpù rẹ̀ jáde. Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀ láìwọ bàtà, mo di ọmọ mi mú, mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí itọ́ má baà há a lọ́fun. Wọ́n ní bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ń ríran. N kò rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. N kò lè sọ ọ̀nà tí Bámidélé gbé wa gbà.

Nọ́ọ̀sì Deborah ló gba Ahmad lọ́wọ́ mi. Dókítà jáde, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, apá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Kí ni ó mu?” ni Deborah béèrè.

“Oògùn ọlọ́ràá yín. Wọ́n po ọ̀rá kan sínú ìgò mínírà kan. Ìgò mẹ́ta.”

Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ náà gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Lẹ́yìn náà ni ó wá ṣàlàyé fún mi, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní iyọ̀ tó bá ti pọ̀ jù a máa fa omi jáde láti inú ara ọmọ, títí kan ọpọlọ rẹ̀. Bó bá ṣe ń mu ún ni òǹgbẹ á ṣe máa gbẹ ẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ń wo ọmọ tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife mọ́ra, a ń kọrin. Dókítà ní omi tí wọ́n fẹ́ fún un báyìí kò gbọdọ̀ yára rárá, torí pé bó bá yára, ọpọlọ náà lè wú. A kàn ní láti dúró. Mo béèrè bóyá yóò yè. Dókítà ní kí n dúró.

Ìgbà yẹn ni Ìyá wọlé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, láti ilé wa dé ilé ìwòsàn. Wọn kò wọ bàtà. Wọn kò wé nǹkan kan sórí, irun funfun wọn wà níta gbangba lójú ọ̀sán, Àlájà tí ọmọ bíbí inú wọn pàápàá kì í rí orí wọn. Àwọn èèyàn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ìtìjú. Ó yẹ kí àánú wọn ṣe mí. Kò ṣe mí.

“Ẹ ti pa á,” ni mo wí. “Ẹ ti fi ìmọ́tótó yín pa ọmọ mi.”

N kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí wọn rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Kì í ṣe ohun tí ìyàwó ń sọ fún ìyá ọkọ. Ìyá kò bínú, wọn kò bẹ̀ mí. Wọ́n kàn jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé itan, àtẹ́lẹwọ́ ń wo òkè.

A dúró. Rájí dé, ó wo ojú mi, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó jáde lọ fi orí ti ògiri níta. Ahmad ń mí. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, mo sì ń wò ó kó má baà dáwọ́ dúró nígbà tí n kò wò ó. Ojú oòrùn ti rọ̀ nígbà tí ó ṣí ojú. Ó wá mi kiri, ó rí mi, ó sunkún, igbe Ahmad gan-an, igbe oníwàhálà tí mo mọ̀. Deborah ní kí n gbé e sọ́mú. Ó fà á. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tọ̀ gbàràgàdà sórí aṣọ nọ́ọ̀sì.

“Ẹ ṣeun, sà,” ni Deborah wí fún un, gbogbo wọ́ọ̀dù sì rẹ́rìn-ín. Dókítà wá wò ó, ó ní a ó sùn síbẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ti mi orí rẹ̀ lọ́nà tí mo fi mọ̀ pé ọmọ mi ti padà.

Èmi kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni. Mo gbé ọmọ mi sáyà, mo kọ ẹ̀yìn sí Ìyá. Deborah ló lọ jókòó tì wọ́n. Ó bọ́ ìborùn ara rẹ̀, ó fi bò wọ́n lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Àlájà, ẹ fetí sí mi, kó má baà tún ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe agbára oògùn là ń wá. Omi gan-an ni oògùn náà. Èyí tó wà nínú ọ̀rá, kí omi lè dúró lára ọmọ ni. Ọmọ tó bá ń ṣu gbuuru, omi ara rẹ̀ ló ń tán lọ. Gbígbẹ yẹn ló ń pa wọ́n.”

“Omi,” ni Ìyá wí.

“Omi, ìyá mi.”

“Àwọn tó tọ́ wa ní omi ló ń sọ ìgbẹ́ di púpọ̀. Wọ́n ní bí a bá fi omi du ọmọ, ìgbẹ́ á gbẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí láyé àtijọ́,” ni Deborah dáhùn, kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa bà. “Ìgbẹ́ á gbẹ lóòótọ́. Ọmọ náà á sì gbẹ pẹ̀lú rẹ̀.”

Mo yíjú padà wo Ìyá. Ẹnu wọn la sílẹ̀ díẹ̀.

“Ọmọ tó ti lè sọ̀rọ̀ ńkọ́?” ni wọ́n béèrè.

“Ẹ ní kí ni, Ìyá?”

“Ọmọ tó ti mọ orúkọ omi. Tó ń pè é.”

Mo mọ̀ pé Rájí nìkan ni ọmọ tí Ìyá ní. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ṣáájú rẹ̀, pé wọ́n kú ní kékeré. Nínú ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ wọn.

“Ìyábọ̀ ni àkọ́bí mi,” ni Ìyá wí. Deborah ni wọ́n ń wò, wọn kò wò mí. “Ó ti ń sáré kiri, ó ti ń bá mi ká aṣọ. Ìgbẹ́ gbuuru mú un. Ó ní, ‘Ìyá mi, omi.’ Mo ní kó fara dà á. Ó tún ní, ‘Díẹ̀, Ìyá mi, díẹ̀ báyìí.’ Ó fi ìka hàn mí bó ṣe kéré tó. Amù omi wà ní igun yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rá lọ síbẹ̀, nítorí pé kò lè dìde mọ́. Mo gbé amù náà síta. Mo sì padà wá jókòó tì í.”

Ìyá wo àtẹ́lẹwọ́ ara wọn.

“Lẹ́yìn rẹ̀, mo bí ọkùnrin méjì. Àwọn yẹn kò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ, wọn ò lè béèrè. Nígbà tó kan Àtàndá, Rájí bàbá ọmọ yìí, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, ó ti rá dé ẹ̀yìn ilé, ó ń mu omi tí mo fi fọ abọ́. Mo nà án. Mo nà án gan-an. Ó sì yè. Gbogbo wa ní Ọlọ́run ló ṣe é.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sẹ́nu láti ọ̀sán, tí mo fẹ́ fi bá wọn jà nígbà tí a bá délé, n kò rí ọ̀kan mú nínú rẹ̀ mọ́. Lọ́kàn mi, mo ti ní kí ẹnìkan fìyà jẹ wọ́n fún mi. Kì í ṣe irú èyí ni mo ń wí.

“Bí mo bá fún un ńkọ́?” ni Ìyá béèrè.

“Ọlọ́run ló mọ̀, ìyá mi.”

“Mo mọ̀ pé Ọlọ́run mọ̀. Ìwọ ni mo bi.”

Deborah wò mí kí n lè gbà á. N kò lè gbà á. Mo tẹ orí ba sórí Ahmad tó ń mu ọmú, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì.

“Ó ṣeé ṣe kó yè,” ni Deborah wí níkẹyìn. “Bó ti ń béèrè omi yẹn, tí wọ́n bá fún un, ó ṣeé ṣe kó yè.”

Ìyá mi orí lọ́ra, bí ẹni tí wọ́n jíṣẹ́ fún tó sì gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n ti orí bẹ́ǹṣì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí sìmẹ́ńtì lásán, wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì sí ọ̀nà ilẹ̀kùn tí kò sí ẹnì kan níbẹ̀.

“Ìyábọ̀,” ni wọ́n pè, ohùn wọn kò yàtọ̀ sí ti ìyá tó ń pe ọmọ tó ń ṣeré níta, “máa bọ̀. Wá mumi.”